Ẹni Tí Wọ́n Ń Gbálẹ̀ Dè

Nínú gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré, tó ń bọ̀ láti Abobo, ìyá kan ń bá ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú ìyá mi nílé, ní ìlú wa lọ́hùn-ún. Mo wé káàdì ìgbélùú tí ìjọba ibí fún mi mọ́ aṣọ kó má bàa bàjẹ́. Inú aṣọ yẹn ni ọjọ́ orí káàdì náà ti kọjá."

"Háà, màmá! Ṣé eku lẹ fi í pamọ́ fún ni?"

"Nígbà tí mo padà dé, àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣe káàdì sọ pé mo ti kó kúrò nílùú, wọn ò ní ṣe òmíràn fún mi. Obìnrin ọmọ ibí kan, ẹ̀yà Jùlá, tí ìsọ̀ àwa méjèèjì wà nítòsí ara wọn lọ́jà Treichville, ló wá jẹ́rìí fún mi. Ó ní, 'Àràárọ̀ ni mo ń gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ta ní ń gbálẹ̀ de ẹni tó ti kó lọ?'"

"Wọ́n gbà?"

"Káàdì tuntun rèé. Ọpẹ́ ni. Èmi ni mo ń gbá ìsọ̀ méjèèjì báyìí."