Ilé Ẹyin Méjèèjì

Láìpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, mo jókòó de dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó, mo sì gbọ́ ohun tí ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń bá ara wọn sọ lórí bẹ́ńṣì iwájú mi.

“Màmá, wọ́n ní méjèèjì ni wọ́n máa yọ. Jẹjẹrẹ tó wà nínú ilé ẹyin ọ̀tún ti ràn dé ti òsì.”

“Kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ ná jàre! Tó o bá ti bímọ kan ṣoṣo, kí wọ́n wá yọ ọ́.”

“Àìsàn yìí ò ní dúró dè mí, Màmá.”

“Ṣé ara ò lè ṣe ẹyin mìíràn ni?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣé adìẹ ni mí ni? Nọ́ọ̀sì ní gbogbo ẹyin tí obìnrin máa ní láyé ló ti wà nínú ilé ẹyin rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Tó bá ti bàlágà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jáde lóṣooṣù. Nígbà tí mo ṣì wà nínú yín ni tèmi ti wà lára mi.”

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀.

“Á jẹ́ pé mo ti lóyún àwọn ọmọ-ọmọ mi rí.” Ó fi ìborùn nu ojú. “Ó ti tó. Jẹ́ kí wọ́n yọ méjèèjì. Ìwọ ni mo bí.”

Àìsàn kan náà ló pa ìyàwó mi, a kò sì bímọ. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Èkìtì. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fún un, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá yóò tù ú nínú, tàbí yóò wulẹ̀ fi àwọn ọmọ-ọmọ tí a kò bí fún un kún òkú tí ó ń ṣọ̀fọ̀.