Ìwé Tí Mo Pààrọ̀ Mọ́ Fàthíà Lọ́wọ́

Ọjọ́ kejì tí Fàthíà lọ ni mo tó gbọ́. Ọ̀gá Zacchaeus, ẹni tó kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹgbẹ́dá, ló pè mí níbi iṣẹ́ mi tuntun ní Ìkẹjà. Ó ní, "Tóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ wá dágbére fún mi lánàá. Ó ti ta kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó ti kó ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé o ti mọ̀ ni." Mi ò mọ̀. Mo ti pinnu pé Sátidé tó ń bọ̀ ni màá lọ bá a nílé wọn ní Ìgàndò, tí màá jókòó tì í, tí màá sì sọ ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí fún un lójúkojú. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pinnu Sátidé. Ó wá tó àkókò kí òótọ́ jáde, nítorí pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa ṣì ń fi Fàthíà ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kì í kàwé dáadáa. Fàthíà kì í ṣe olódo. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Yàrá kan lókè pẹtẹ́ẹ̀sì ni Ọ̀gá Zacchaeus ti ń kọ́ wa. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ̀kì a sì máa sá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀gá wa wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní ọ̀rẹ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti gba odindi ìwé ìtọ́nisọ́nà èdè tí a fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù sínú fíláàṣì, gbogbo rẹ̀ tí wọ́n fún pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo bí aṣọ tí wọ́n dì sínú àpò. Ó sọ ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tó wà nílẹ̀ di sáfà, èyí tí á máa pín ìwé náà fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Sáfà kékeré náà kì í tú àpò yẹn palẹ̀, torí inú rẹ̀ kò gbà á. Ojú-ewé tí ènìyàn bá béèrè nìkan ló máa ń fà yọ. Wáyà tó so kọ̀ǹpútà wa mọ́ ọn ti tó. A ó tẹ àdírẹ́sì kúkúrú kan, ìwé á sì ṣí bí ẹni pé òkè òkun ló ti wá. Ọ̀gá a máa kìlọ̀ fún wa pé, "Kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì o. Ohun tí a bá kó sínú ẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀."

Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ilé wa kò jìnnà, mo sì fẹ́ràn kí n tètè dé kí n lè rí ibi tó dákẹ́ ka ìwé ìtàn tí mo yá, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé girama, ìwé tí mo ń yá lọ́wọ́ ènìyàn ló ń kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Fàthíà sọ mí ní Ìyá Sáfà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pariwo pé, "Ìyá Sáfà, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ọmọ yín ti jí, àbí ẹ ṣì ń fún un lọ́mú?" Bí ẹ̀dà tuntun ìwé náà bá dé, èmi ni mò ń gbé e síbẹ̀. Orúkọ kan náà ni mo máa ń fún un, kí àdírẹ́sì tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ má baà yí padà. Màá wá gbé èyí tó ti gbó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó lè fi orúkọ mọ ìyàtọ̀ láàárín tuntun àti àtijọ́, àfi èmi. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Ní ọdún 2012, nígbà òjò, iná lọ lójijì, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo. Nígbà tí sáfà máa fi jí, fáìlì ẹ̀dà tuntun ti bàjẹ́. Mo gbé ti àtijọ́ padà síbẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró. Ọwọ́ mi mọ́ títí débẹ̀. Mo ní tó bá dọ̀la, màá gba fíláàṣì ọ̀gá, màá tún tuntun gbé wọlé. Ọjọ́ kejì náà ni ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín: iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ń wá ẹni tó lè kọ wẹ́ẹ̀bù, ó sì ti fi orúkọ èmi àti Fàthíà ránṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé ni. Àwa méjèèjì nìkan là ń lo ìwé yẹn. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún Fàthíà. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí kọ̀ǹpútà kò bá mú iṣẹ́ wálé kí Iléyá tó dé, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní tèmi, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo kàn fẹ́ ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ tóbi ni, níbi tí màá ti máa wo òjò láti ẹ̀yìn gíláàsì bí àwọn ọmọbìnrin inú ìwé tí mò ń kà. Ẹ wo ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ba ti ẹlòmíràn jẹ́: fèrèsé. Mo gba fíláàṣì lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo da ẹ̀dà tuntun kọ sínú kọ̀ǹpútà tèmi. Mo dá fíláàṣì padà. Mi ò fọwọ́ kan sáfà.

Fàthíà kàwé náà bí ẹni ń há Kùránì sórí. Lọ́jọ́ kan ó pè mí. "Tóyìn, wá wo nǹkan. Ọ̀gá ní wọ́n ti yí ọ̀nà tí wẹ́ẹ̀bù fi ń rántí ẹni tó bá wọlé padà, ṣùgbọ́n ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Èwo ni ká gbà báyìí?" Mo ní, "Ìwé ni kóo gbà jàre. Àwọn tó dá èdè yẹn sílẹ̀ ló kọ ọ́. Ṣé ọ̀gá jù wọ́n lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni ṣá. Ọ̀gá ti ń darúgbó." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ti burú tó nìyẹn, mo rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Àjíṣafẹ́ ló gbà wá ní Ìkẹjà lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin pẹ̀lẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní ká kọ ojú-ewé tí ènìyàn á fi orúkọ wọlé, tí wẹ́ẹ̀bù á sì máa rántí rẹ̀ bó ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Fàthíà parí tirẹ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n bó ṣe ní kó ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ àṣẹ tó pa. Ìyáàfin náà wá wò ó. "Wọ́n ti yọ àṣẹ yìí kúrò nínú èdè náà. Ta ló kọ́ ọ?" Fàthíà ní, "Ẹ má bínú, mà. Inú ìwé ìtọ́nisọ́nà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ni mo ti kà á. Tuntun ni. Mo ṣì kà á lánàá." Obìnrin náà mi orí. "Ìwé tuntun ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Bí ènìyàn ò bá kàwé, kó ní òun ò kà á. Ìyẹn sàn ju irọ́ lọ." Fàthíà wò mí. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlẹ́rìí òun wà ní ìjókòó. Ìyáàfin Àjíṣafẹ́ náà yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwé kan náà lẹ jọ kà?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìwé kan náà ni." Nínú àwọn ìwé ìtàn tí mo kà, ọ̀dàlẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó rọrùn tó báyìí.

Nígbà tí a ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ó di ọwọ́ mi mú. "Tóyìn, mo rí i nínú ìwé yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra. Láàárọ̀ ọ̀la, màá ṣí i, màá fi hàn ẹ́." Mo ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ sinmi." Ó wọ ọkọ̀ Ìgàndò. Èmi ò lọ sílé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan sáfà, mo gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, mo fún un ní orúkọ kan náà, mo sì pa èyí tí Fàthíà kà rẹ́ pátápátá. Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó o.

Lọ́jọ́ kejì, kò kí mi ní Ìyá Sáfà. Ó tẹ àdírẹ́sì tó ti mọ̀, ó wá àṣẹ náà lọ, ojú-ewé sì ṣí. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé wọ́n ti yọ àṣẹ yìí kúrò, kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ń fi ìka tọ ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Tóyìn, ṣé ohun tó ti wà níbí látọjọ́ yìí nìyí?" Mo ní, "Òun ni." Ó ní, "Èmi ni mi ò mọ̀wé kà nìyẹn." Ọ̀gá gbọ́ wa. "Mo ṣáà sọ fún ẹ, Fàthíà. Ẹ kì í fara balẹ̀ kàwé." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bú sẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó ní òun ń lọ kírun, kò sì padà wá lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Fèrèsé rẹ̀ tóbi lóòótọ́. Fàthíà pè mí láti kí mi kú oríire, ó ní kí n má gbàgbé àwọn mẹ̀kúnnù. Iléyá dé, Iléyá kọjá. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Zacchaeus pè mí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dìde, mo lọ bá Ìyáàfin Àjíṣafẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. "Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́," ó ní. "Sọ fún un kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdé. Mi ò ṣèlérí iṣẹ́ o. Ìdánwò ni mo ṣèlérí." Láti ibẹ̀ mo lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó na ọwọ́ sí mi fún kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò ní kí ẹ má dìídì wá ire tiyín. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ènìyàn lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́ láìtíì gbé ọwọ́ sókè: kó kàn fi ohun tó yẹ kó tún ṣe sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì kéré lójú mi.

Nígbà tí mo pe Fàthíà, ariwo àwọn tó ń najà ló kọ́kọ́ wọlé. "Ìyá Sáfà! Ẹni ọ́fíìsì! Ẹ tiẹ̀ rántí àwa ará oko." Mo ní kó jókòó. "Orí àpò gààrí ni mo wà. Kí ló dé, ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pé ojú-ewé tó kà kí ìdánwò tó dé, òun náà ló kà lóòótọ́, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kan ń béèrè iye ọṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò dá a lóhùn. "Ìyẹn ni pé mo kà á," ó ní. "O kà á." "Kì í ṣe ojú mi." "Kì í ṣe ojú rẹ." "Tóyìn, mo lọ sí ọsibítù o. Mo lọ ṣàyẹ̀wò ojú." Mi ò mọ èyí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ báyìí? Kí n ní mo ti dárí jì ẹ́?"

Mo ní, "Rárá. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ pè ẹ́. Ìyáàfin Àjíṣafẹ́ ní kóo wá ṣèdánwò mìíràn lọ́jọ́ Mọ́ńdé. Kọ̀ǹpútà tèmi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ìwé tuntun wà nínú ẹ̀, tìẹ ni. Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lónìí, Fàthíà. Bóo wá o, bóo ò wá o, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́."