Díẹ̀ Ló Kù Kí N Fi Ẹnu Mi Lé Dúpẹ́ Padà sí Èkó

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn gan-an báyìí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé kó kó ẹrù rẹ̀, kó padà sí Èkó. Ta ni kò mọ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́?

Láti ìgbà tí Dúpẹ́ ti wá ń bá mi gbé l'Ọ̀sí níbí ni ilé mi ti kún. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́. Orí tábìlì mi ló ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ wọn tó wà lókèèrè, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ níbí, tọ̀hún yóò dá a lóhùn lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àfi bó ṣe di àárọ̀ Mọ́ńdè kan tí gbogbo rẹ̀ dàrú. Bó ti wọlé tán, lẹ́tà ń gun ara wọn lórí, ìlà ń já sáàárín. Bó bá fẹ́ pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, àmì mìíràn ni yóò tún yọ jáde. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá lè ṣiṣẹ́ láti abúlé, kó padà sí ọ́fíìsì. Nẹ́tíwọ̀kì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, la bá gun ọ̀kadà lọ sórí òkè lọ́nà Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára jù. Ibẹ̀ náà, bákan náà ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní, "Dúpẹ́, kó ẹrù rẹ. Ìlú wa ò gba iṣẹ́ yìí." Ó kàn wò mí ni. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ irú ìwò yẹn?

Bí a ti padà dé tí a jókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọlọ́kadà kan gbé iṣu dé láti Kòró, ó ń bèèrè Bàbá... ẹ má bínú, mi ò lè kọ orúkọ yẹn. Mo ní a ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Ó ti ń yí ọ̀kadà padà kí Dúpẹ́ tó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá àgbà, àbúrò bàbá àgbà mà ni. Afínjú yín!"

Òótọ́ ni. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Afínjú ni mo sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí, orúkọ àbísọ rẹ̀ ti fò lọ lórí mi pátápátá. Bí a ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ọmọ náà fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra. Ó ní ètò tuntun lòun fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà òkèèrè yẹn láti Sátidé, pé bí ètò náà bá ti ń wọlé, á kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, kí tọ̀hún lè mọ bí yóò ṣe to lẹ́tà sójú rẹ̀. Bí tọ̀hún kò bá wá mọ orúkọ náà ńkọ́? Ó tẹ orúkọ àtijọ́ kan tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́, ó pa gbogbo ohun tó wà lójú gíláàsì rẹ́. Lẹ́tà tò lọ gbọọrọ bí ebè iṣu! Mo jó títí gèlè mi fi tú. Dúpẹ́ ní òun ò tilẹ̀ tíì ká aṣọ kan.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, ọmọ tèmi, ti gbọ́ pé mo ní kó máa bọ̀, ó ti ń tún yàrá ṣe dè é l'Ékòó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ ṣáà má ní kí n yọ̀ǹda Dúpẹ́. Afínjú ti bù fún wa nínú iṣu Kòró yẹn. Ó wà lórí iná, àwo méjì ni mo fọ̀ sílẹ̀.