Ọwọ́ Mi Ló Tan Súìṣì Yẹn

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún yìí, àbúrò mi kú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fọ́jú kó tó kú. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́ nípa ojú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo tan irọ́ náà kálẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún, òtítọ́ kò sì lé mi rárá. Èmi ni mo dúró dè é.

Àwa méjèèjì la jọ ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣáájì bátìrì ọkọ̀. Bí bátìrì bá ń gba iná, omi inú rẹ̀ a máa hó, afẹ́fẹ́ kan tí ojú kò rí a sì máa jáde. Bí iná bá ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò bú. Wáyà tí iná ṣì wà lára rẹ̀ a sì máa ta pàrà bí a bá yọ ọ́; ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ pa ṣájà kí a tó yọ wáyà. Àbúrò mi kì í fi èyí ṣeré. Ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ sí bátìrì, á sọ fún un pé, “Kọ́kọ́ pa á.” Bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn awakọ̀ á ní, “Kọ́kọ́-pa-á, ta la ó pa lónìí?” Á ní, “Ìwọ ni, tó o bá fọwọ́ kan wáyà mi.”

Nígbà kan, ó lọ wo ìyá wa fún ọjọ́ mẹ́ta, súìṣì ṣájà sì bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Mo tú ẹ̀yìn ṣájà, mo so wáyà méjèèjì pọ̀ láìgba inú súìṣì. Láti ìgbà náà, o pa á o, o kò pa á o, iná ń lọ. Mo ní bó bá dé, n ó sọ fún un.

Ó dé láàárọ̀, ó kí mi, ó wọlé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awakọ̀ kan. Mo mọ̀ pé bátìrì ń hó nínú ilé. Mo ní kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Mo gbọ́ tí súìṣì ró kẹ́. Ó pa á. Ẹ gbọ́ o: ó pa á. Lẹ́yìn náà ló yọ wáyà, bátìrì sì bú.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti ṣubú, ásíìdì bò ó lójú. Garawa omi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe garawa ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo na ọwọ́ sí súìṣì, mo dá a padà sí títàn, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i pé kò pa á. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bu omi. Dókítà ní bí omi bá ti tètè dé ojú ọ̀tún ni, ì bá ríran.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tàn mí. Ṣé mo pa á?”

Mo ní, “O ò pa á.”

Ó wá ní kí n má bínú, òun ti ba ṣọ́ọ̀bù wa jẹ́. Mo ní mo ti dárí jì í.

Láti ìgbà náà, àfi ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣẹ̀sín ló ń pè é ní Kọ́kọ́-pa-á.

N kò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Èmi tí mo fi ìdáríjì ṣèrú, kí ni n ó fi tiyín ṣe? Ẹ ṣáà sọ fún ìyá yín pé bàbá yín pa á.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: ọ̀pá kan, rédíò kan, bàtà méjì, awò ojú dúdú tí apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ mẹ́rin, tí bàbá yín máa ń pè nígbàkígbà tó bá ti fọwọ́ kan súìṣì yàrá rẹ̀, pé, “Ẹ bá mi wò ó. Ṣé mo pa á?”