Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Wà Lápò Bàbá Ràfíù

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní Ìgándò, tí gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Tíṣà Àgùdà… Tósìn, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí fọ́tò náà. Mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ìwọ níwájú ère Màríà. Ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Màríà. Ìwọ tí o dijú bí ẹni tí ń gbàdúrà. Ta ló wá ya èyí tí o dijú yẹn? Áńgẹ́lì ni?

Má bínú, ọmọ mi, mò ń fi ọ́ ṣeré ni. Ìwọ lo bi mí bóyá àwa náà máa ń lọ sí àwọn ibi mímọ́ láyé ìgbà tiwa, ká jáde láàárọ̀, ká padà sílé nírọ̀lẹ́, kí afinimọ̀nà máa kó wa kiri. Ó dára. Káyọ̀dé, sún mọ́bí. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́. Ìgbà tí owó epo dé ni. Ogun ti parí. A ti gbàgbé pọ́n-ùn àti ṣílè, náírà là ń ná. Ìjọba fi kún owó oṣù àwa tíṣà, wọ́n tún kó ti ẹ̀yìn lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí la wá fi ṣe? A ra fíríìjì. Ní Ìgándò! Ìgándò tí kò ní iná mànàmáná, tí oko ẹ̀gẹ́ yí wa ká, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, á mú igi dání nítorí ejò. A gbé fíríìjì sí pálọ̀, a fi léèsì bò ó lórí. Ìyá mi ń kó ìró rẹ̀ sínú tiwa, ó ní kòkòrò kì í wọ ibẹ̀. Ṣé ó wúlò àbí kò wúlò?

Irú owó yẹn náà ló gbé Bùọ̀dá Fẹ́líìsì lọ sí Róòmù. Ará ìjọ wa ní Ìkọ̀tún ni, sìmẹ́ǹtì ló ń tà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò tíì dé láti Róòmù. Bí òjò bá rọ̀, á ní, "Òjò Róòmù kì í ní ẹrẹ̀." Bí a bá gbé omi fún un, á kọ́kọ́ wò ó, á ní, "Ẹ̀yin ò tíì mu omi." Bí Fada bá ń wàásù, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀, bíi tíṣà tó ń gbọ́ àkọ́sórí lẹ́nu ọmọ iléèwé.

Òun ló dá a lábàá pé kí ìjọ wa náà lọ sí àwọn ibi mímọ́. Ibi mẹ́ta, ọjọ́ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì àgbà kan ní Èkó, ibojì àwọn fada òyìnbó àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ihò Màríà. Ihò Màríà yìí, inú àpáta kan ló wà, ní abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé ère Ìyá Olúwa síbẹ̀, omi sì ń sun lábẹ́ rẹ̀. Bùọ̀dá Fẹ́líìsì ní òun fúnra òun ni yóò jẹ́ afinimọ̀nà. Ta ló tún mọ̀nà tó o?

Bí ìyá mi ṣe gbọ́ "ihò Màríà" báyìí, ó dìde. Ìyá mi, tí orúnkún ń dùn, tó jẹ́ pé kó tó dìde lórí àpótí, ẹ ó ti kọ orin kan tán! Ó dìde fìrí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dé, lọ sójú ogun. A ò gbúròó rẹ̀. Ìyá mi wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ nílé wa ní Èkìtì, pé bí ọmọ òun bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, òun yóò lọ sí ihò àpáta náà, òun yóò ka Rosari tán pátápátá lórí ìkúnlẹ̀. Ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìdùnnú, ti ìbànújẹ́, ti ògo, kò ní ku ẹyọ kan.

Bọ̀dé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lóòótọ́. Ó jókòó. Kò sì sọ̀rọ̀. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Bí a ò bá gbé e, kò ní béèrè. Bí a ò bá ní kó dìde, kò ní dìde. Mo kó òun àti ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Ìgándò. Abẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé wa, ibẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá mi á wò ó, á ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mo gba ọmọ, mi ò san ẹ̀jẹ́. Wọ́n dá ara rẹ̀ padà fún mi, wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe ìdógò."

Èmi tíṣà ni mo kọ́kọ́ lọ san owó ọkọ̀ fún Bùọ̀dá Fẹ́líìsì, tèmi àti ti ìyá mi.

Ọjọ́ pé, bọ́ọ̀sì dé. Bọ́ọ̀sì tuntun gbọọrọ. Ẹni tó ń wà á ni Bàbá Ràfíù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Ìjẹ̀gùn. Mùsùlùmí paraku ni. Búúta omi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹní rẹ̀ wà ní kíká lẹ́yìn ìjókòó. Bùọ̀dá Fẹ́líìsì ní tirẹ̀ wọ kóòtù nínú oòrùn, ó kọ́ fèrè rẹfirí sọ́rùn, ó mú gbohùngbohùn dání, irú èyí tí wọ́n fi ń polówó oògùn aràn. Àwa tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ló fi ń bá sọ̀rọ̀ o!

Ìyá mi ò lè gun ẹ̀yìn, wọ́n fi í síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí, etí mi sì mọ́.

A dé ṣọ́ọ̀ṣì Èkó. Fèrè! "Ẹ wòkè! Ẹ wo ọ̀tún! Ẹ rí fèrèsé aláràbarà yẹn? Ti Róòmù jù ú lọ!" Fèrè! "Ó tó, ẹ wọ mọ́tò!" Ìyá Rẹjíínà, aládùúgbò wa, ti kúnlẹ̀, ó ti ṣe àmì àgbélébùú dé èjìká òsì, ọ̀tún ló kù. Inú bọ́ọ̀sì ló ti parí rẹ̀.

Bí a ṣe kọjá Ọ̀tà díẹ̀, Bàbá Ràfíù ya sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa iná mọ́tò.

Bùọ̀dá Fẹ́líìsì ní, "Kí ló dé? Táyà ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Ìrun Àìlá ni."

"Àìlá ti bí báwo? Ìrìnàjò ìjọ Àgùdà ni èyí!"

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ìyẹn ni mo fi rò pé ẹ ò ní bínú sí àdúrà."

A bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Kí ẹ tó bó ọsàn kan kí ẹ mu ún tán, ó ti padà sídìí mọ́tò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo máa bi yín léèrè lórí rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, o mà bẹ̀rù Ọlọ́run."

Ó ní, "Ìyá, mọ́tò ni mò ń wà lójú ọ̀nà yìí. Ta ni ò ní bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Bọ̀dé fún un, ó sọ ti ẹ̀jẹ́. Bàbá Ràfíù wakọ̀ lọ díẹ̀, ló bá ní, "Rosari yẹn, tí ẹ máa kà tán… ṣé ó máa ń pẹ́?"

"Ó máa ń pẹ́ o. Pàápàá lẹ́nu arúgbó."

Mo rò pé kí n tètè tọ́jú ọ̀rọ̀. Mo dìde lọ bá Bùọ̀dá Fẹ́líìsì, mo fi ẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún yín yìí. Ó na gbohùngbohùn sí mi lójú, ó ní, "Tíṣà! Ní ihò Màríà, a ya fọ́tò, a bu omi, ó parí! Ní Róòmù, ibi méje là ń rí kí oòrùn tó wọ̀! Kí Màmá ka díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ka ìyókù nílé. Ọlọ́run tó wà níbẹ̀ náà ló wà ní Ìgándò!"

Ẹ gbọ́ o. Ọlọ́run wà ní Ìgándò. Kí ló wá gbé òun dé Róòmù?

Gbogbo bọ́ọ̀sì ló gbọ́. Ìyá mi náà gbọ́. Ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

Mi ò ní fi ibojì àwọn fada pẹ́ yín lórí. Fèrè, ọ̀rọ̀ Róòmù, fèrè. Àwọn òkú nìkan ló ráyè sinmi níbẹ̀.

A dé ihò Màríà. Àwọn èèyàn fọ́n ká. Àwọn kan ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni tó fẹ́ lọ po sìmẹ́ǹtì. Ìyá Rẹjíínà ṣí abọ́ ẹja díndín. Oníkámẹ́rà ń ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Ìyá mi lọ tààrà síwájú ère, ó di ọwọ́ mi mú, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta. Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ró kẹ̀kẹ̀. "Mo kí ọ Màríà, o kún fún oore-ọ̀fẹ́…"

Ó ka ti ìdùnnú tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ti ìbànújẹ́ ni… fèrè!

"Ó tó! Ẹ wọ mọ́tò!"

Ìyá mi ò yíjú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, "Màámi…" Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ fi mí sílẹ̀ níbí." Ó sì ń bá ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ.

Fèrè! "Ẹ̀yin ọkùnrin méjì, ẹ lọ rọra gbé Màmá!"

Àwọn méjì ti gbéra. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni Bàbá Ràfíù ti gba iwájú wọn kọjá, búúta lọ́wọ́, ẹní lábíyá.

"Ẹ dákun, ọ̀gá. Alaasárì ti tó."

Ó bọ́ sí apá kejì àpáta. Àlùwàlá wo nìyẹn! Ó ń fọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fọ àwo ìyá ọkọ. Ó tẹ́ ẹní, ó tún un tẹ́. Ó kírun. Ó parí. Bùọ̀dá Fẹ́líìsì ní, "Ó yá!" Bàbá Ràfíù yọ tẹ̀sùbáà, ó ń fà á, ilẹ̀kẹ̀ kan, ilẹ̀kẹ̀ kan. Ó fi í sápò. "Ó yá!" Ló bá tún dìde, ó kọjú sí gábàsì.

"Kí tún ni?"

"Ọ̀gá, mò ń san àwọn ìrun tó ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀."

"Wọ́n pọ̀ tó báwo?"

"Háà, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí."

Ó káwọ́ sókè. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń kírun? Ẹ ó fà á lẹ́sẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì wà lápò rẹ̀.

Bùọ̀dá Fẹ́líìsì fọn fèrè, kò sẹ́ni tó mì. Ó gbé gbohùngbohùn, bátìrì ti kú. A ti ya fọ́tò tán. Omi ti kún kẹ́ẹ̀gì. Ẹja ti tán. Kí ló wá kù tí a lè ṣe ní ibi mímọ́? Ìyá Rẹjíínà ló kọ́kọ́ nu ọwọ́ nù, tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyá mi. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn méjì tó fẹ́ gbé ìyá mi náà kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo wa ló ń gbè é, ohùn wa kún inú àpáta yẹn. Gbogbo ìjọ Àgùdà gbàdúrà lọ́jọ́ náà, torí pé Mùsùlùmí kan ò tíì ṣe tán.

Bùọ̀dá Fẹ́líìsì tọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó ń wá Rosari rẹ̀, èyí tó ní wọ́n yà sí mímọ́ fún òun ní Róòmù. Ó wá ọ̀tún, ó wá òsì… ó ti fi í sílé. Mo yá a ní tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Mo mú un mọ́ra délé.

Ìyá mi ka ti ògo tán, ó ṣe àmì àgbélébùú. Kò lè dìde. Bàbá Ràfíù ti ká ẹní, òun ló wá fà á dìde.

"Ìyá, ṣé ẹ ti parí?"

"Mo ti parí, ọmọ mi."

"Alihamudulilahi. Èmi náà ti parí."

Bùọ̀dá Fẹ́líìsì ní, "Gbogbo ìrun ọlọ́dún gbọọrọ yẹn ti pé?"

"Ó ku díẹ̀, ọ̀gá. Ó di ìrìnàjò mìíràn."

A délé, Bọ̀dé wà lábẹ́ igi ọsàn. Ẹ ń retí kí n sọ pé ó fò dìde, tó kígbe "Màámi, ẹ káàbọ̀!" Ẹ̀yin ọmọ fíìmù. Rárá o. Ó wo ìyá mi. Ó wo eruku àpáta lára ìró rẹ̀, níbi orúnkún. Ó dìde. Ó lọ sídìí àmù, ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ orúnkún ìyá rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Kò sẹ́ni tó ní kó bu omi. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó wò mí, ó ní, "Ó ti ń bọ̀."

Ó sì ń bọ̀ lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ ni, bí omi kànga lẹ́ẹ̀rùn. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀, kí a tó gbọ́ gbólóhùn kan pé lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè mi wá dà? Ọkùnrin tí Àìlá rẹ̀ kò pẹ́ ju ọsàn kan lọ, kí ló mú kí Alaasárì rẹ̀ tó apẹ̀rẹ̀ ọsàn? Káyọ̀dé… "Ó ń dúró de ìyá yín ni, Màmá." O gbà á. Jókòó.

Ẹ wo Ìgándò lónìí. Iná ti wà, bí ó bá wù ú. Ilé ti bo gbogbo oko. Ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí mọ́ṣáláṣí, gbohùngbohùn kọjú sí gbohùngbohùn, kálukú ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adití ni. Ẹni tó bá sì lọ sí Jerúsálẹ́mù á padà dé pẹ̀lú oyè. Oyè fún pé ó wọ bàálù!

Tósìn, mi ò ní kí o má lọ. Lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá tún ń lọ, fi fóònù yẹn sínú fíríìjì. Kòkòrò kì í wọ ibẹ̀. Kí o tó lọ pa á báyìí, wá ná. Nínú gbogbo fọ́tò tí o yà yẹn, fi dírẹ́bà yín hàn mí… Wò ó dáadáa… Kò sí níbẹ̀?

Hùn. Mo mọ̀.