Ohun Tó Wà Lábẹ́ Sítíkà Ọ̀kadà Matthias

Caroline, ìyàwó Matthias, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀, kí gbogbo ará Ìgbògbò tó gbọ́ ìyókù. Òní ni ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Irọ́ tèmi gun ọ̀kadà lọ ni, síbẹ̀ ilẹ̀ ti ṣú u. Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀bà kò tì í, omi kò tì í, ẹ̀rín kò tì í. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ikùn mi wú débi pé bí mo bá jókòó síta, adìẹ àdúgbò ń sá oòrùn wá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo fi ṣe gbogbo ibi tí mo ṣe.

Ta ni kò mọ Bísíríyù tó ń ta ọ̀kadà tòkunbọ̀? Kì í ṣe àwọn kékeré tó ń gbé èrò o. Àwọn gíga, abàyà gbàǹgbà, tí òyìnbó fi ń la aṣálẹ̀ kọjá, tó ní àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo máa ń sọ pé ọ̀kan gun òkè títí tó fi tẹ áńgẹ́lì lẹ́sẹ̀. Mo ní òmíràn sáré tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ dé Ìkòròdú ní ọjọ́ kejì. Bí oníbàárà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀kadà, mo ti ju àwàdà lù ú, nítorí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé rárá ni mo ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó gbóná. Ẹ́ńjìnnì tútù kì í purọ́: yóò húkọ́, yóò tu èéfín, yóò tú olówó rẹ̀ fó.

Ọ̀kadà tí mo tà fún Matthias ti forí sọ nǹkan níbi tó ti wá. Ọrùn rẹ̀ ti ya, ìyẹn ibi tí irin ọwọ́ ti wọnú ṣáàsí, egungun ọ̀kadà, ibi tí gbogbo ìwúwo ń dì mọ́ bí bíréèkì bá mú. Mo gbé e lọ bá Tàjùdéèn wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀. Ó wò ó, ó mi orí.

"Bọ̀ọ̀dá Bísí, ọrùn nìyí o. Ẹ lè jó ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹ lè jó ìdí rẹ̀ pọ̀. Ẹ má jó ọrùn."

"Ṣé ìwọ lo máa gùn ún ni? Jó o."

Ó jó o. Ojú ibẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí àpá oówo. Mo kùn ún ní dúdú, mo wá fi sítíkà ńlá bò ó: OLÚWA NI Ó Ń ṢỌ́ MI. Orúkọ Jésù ni mo ń lẹ̀ fún Kìrìsìtẹ́nì, Máṣá Àlláhù fún Mùsùlùmí ẹgbẹ́ mi. Méjèèjì wà nínú àpótí kan náà. Ìkà ni mí. Mo fi Ọlọ́run ṣe ìbòjú.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wá láti Ẹ̀pẹ́, Caroline. Matthias ní ọkọ̀ ojú omi ti sú òun, ó fẹ́ máa fi ọ̀kadà gbé ẹja yíyan wá sí Ìkòròdú, kó sì máa fi lọ kí àwọn Ìlàjẹ èèyàn rẹ̀ nílé. Kò gọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì.

"Bọ̀ọ̀dá Bísí, kí ló dé tó gbóná? Ta ló ti gùn ún láàárọ̀ yìí?"

"Oòrùn ni, àbúrò. Oòrùn Ìgbògbò ń din ẹyin nínú adìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ náà. Ó wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ọ́ìlì ń jò, ó yí táyà, ó dúró sẹ́yìn ó di ojú kan láti wò ó bóyá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bára wọn mu. Ó wá dé ọrùn. Ó ki èékánná bọ etí sítíkà. Mo ké mọ́ ọn:

"Matthias! Orúkọ Olúwa lo fẹ́ fi èékánná ya?"

Ó fa ọwọ́ yọ bí ẹni fọwọ́ kan iná. "Ẹ jọ̀ọ́, n kò rò ó débẹ̀." Ìwọ náà ní, "Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó máa ṣọ́ wa." Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí tó ti ká sókè, ó tún un lẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dí ojú ikú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ìtòsí Ìtòikin, ewúrẹ́ já sọ́nà, Matthias tẹ bíréèkì, ọrùn ọ̀kadà já. Títì gba eyín iwájú rẹ̀, ó fọ́ ọ léjìká. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Èmi ni kò jẹ́ kó parí.

Ọ̀sẹ̀ náà, àwọn olè ti dúńbú ọlọ́kadà kan nínú igbó ẹ̀yìn àdúgbò wa, ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn ń hó. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo ń fi àwàdà pa oníbàárà olówó kan nígbà tí Matthias wọlé, báńdéèjì léjìká, ó gbé ọrùn irin tó já dání.

"Bísí! Wá wo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ Olúwa! N kò tíì sọ fún Caroline, nítorí òun ló ní kí n fi sítíkà sílẹ̀. Ìwọ ni wàá sọ fún un!"

Oníbàárà mi dìde. Mo rí ṣọ́ọ̀bù mi tó ń wó. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀: "Olè! Ọ̀kan nínú àwọn tó dúńbú ọlọ́kadà nìyí! Ẹ gbà mí o!"

Ẹ̀yin ará, ẹ dé bí agbọ́n. Pákó, búlọ́ọ̀kù, ìgò. Àwọn kan nínú yín fi búlọ́ọ̀kù fọ́ orúnkún rẹ̀, mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ. Wọ́n fi pákó onísò ya ẹ̀yìn rẹ̀. Irun orí rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ bàtà ẹnì kan. Ìgbà náà ni Mùlíkátù tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì pariwo:

"Ẹ dúró! Bísí, oníbàárà rẹ kọ́ nìyí? Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni?"

Gbogbo ọwọ́ dúró sókè. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Matthias gbé ojú kan tó kù sókè. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Bísí, ẹ sọ fún wọn." Ẹ gbọ́, ó tún pè mí ní Bọ̀ọ̀dá.

Mo ní, "N kò rí i rí."

Ó tún la ẹnu. Mo he páìpù èéfín ọ̀kadà nílẹ̀, mo gbá ẹnu náà. Mo tún un gbá. Mo gbá a títí tí kò fi ní ẹnu mọ́. Èmi ni mo pa á, Caroline. Àwọn yòókù lu olè. Èmi nìkan ni mo lu Matthias.

Mùlíkátù wò mí, ó palẹ̀ búrẹ́dì rẹ̀ mọ́, kò padà wá mọ́. Àwọn yòókù dákẹ́, nítorí ẹni tó lù kì í jẹ́rìí. Mo fi ọrùn irin pamọ́; nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo jù ú sínú ọ̀sà ní Ìpàkodò. Nígbà tí o dé, Caroline, orí Matthias wà lórí itan mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún aṣọ mi, mo ń ké. Mo ní wọ́n ṣì í mú, mo ní mo fẹ́ gbà á sílẹ̀. O kúnlẹ̀ lórí títì, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé." Láti ìgbà náà, bí o bá ti wá sí Ìkòròdú, o ń gbé ẹja yíyan wá fún mi. Mo sì ń jẹ ẹ́. Ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ rí irú ẹranko tí mo jẹ́.

Ǹ bá kú sínú irọ́ yìí, bí kò bá ṣe ti àná. O jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, o fi fóònù hàn mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà gíga ni mo fẹ́ rà fún òwò ẹja. Èmi fúnra mi ni màá gùn ún. Ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Mo wo fọ́tò náà. Sítíkà ńlá wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó ń tà á, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.

Gbọ́ mi. Lọ ní òwúrọ̀, má pè é ṣáájú. Fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, padà sílé. Jẹ́ kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí o yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń há, ọrùn ti fara gbá. Tú àpótí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wo irin ẹ̀yìn wọn. Níbi tí ọ̀dà bá ti tuntun ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ ni kí o wò jù. Bí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ pa ọ́ lẹ́rìn-ín, má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ta ọ̀kadà, ẹ wo ikùn mi.

N kò lẹ́nu tí mo fi lè ní kí o dárí jì mí. Ẹnu Matthias ni mo fọ́. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni, bí ajá ti ń bẹ olówó rẹ̀. Bí o bá ń mú ọlọ́pàá bọ̀, n kò ti ilẹ̀kùn. Ẹja tí o gbé wá lánàá ṣì wà nínú abọ́, n kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kí o tó wá, kọ́kọ́ lọ síbi ọ̀kadà yẹn. Bí wọ́n bá ní orúkọ Olúwa ni, má dá wọn lóhùn. Ki èékánná bọ̀ ọ́, Caroline, kí o ya á.