Àpèkọ Tí Mo Fi Tilẹ̀kùn Mọ́ Hamdalah

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé wa ní Ìgàndó, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fún mi ní àwo ẹ̀yẹ lọ́jọ́ Sátidé, pé èmi Olútáyọ̀ ni olùkọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ adití. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ orúkọ sára àwo náà kó dáwọ́ dúró. Èmi tí ẹ ń pè ní ẹni tó ṣílẹ̀kùn, èmi náà ni mo kọ́kọ́ tì í. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò sì dà nínú mi. Lónìí ni mo fẹ́ bì í.

Ọdún 2012 ni mo dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ara mi kò balẹ̀, kò sì sí kókó tí mo rí tí n kò ní fẹ́ tú. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni mo máa ń rò pọ̀ láti Ìdímù títí n ó fi bọ́ọ́lẹ̀. Ìyáàfin Babárìndé tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá gbé ìdánwò ìgbaniwọlé lé mi lọ́wọ́. Màmá kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àwọn náà ló ní kí n kọ ìwé yìí láìfi ohunkóhun pamọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá mú ọmọ tí etí rẹ̀ di tàbí tí kò lè rìn wá, wọ́n á ní kó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2004 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti kàwé láìsí ìdènà, láìsí ìyàsọ́tọ̀. Màmá pè mí sí ọ́fíìsì. "Táyọ̀, ìwọ tí orí ẹ pé, a ò lè lé wọn mọ́ o. Àwọn òbí yòókù á sì máa ráhùn. Báwo la ṣe máa ṣe é?" Ó yẹ kí n rí ọmọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kókó ni mo rí. Mo ní, "Màmá, òfin ò ní ká má ṣe àpèkọ." Àpèkọ ni ká fi ṣáájú, ọmọ tí kò bá gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, a ò ní wo ìṣirò rẹ̀ rárá. Adití wo ló máa gbọ́ ohun tí a pè? Màmá rẹ́rìn-ín. "O ò lọ yunifásítì lásán, jàre." Orí mi wú. Ẹ wo irú nǹkan tí orí mi ń wú sí!

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Hamdalah nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá. Jàfárù lorúkọ wọn, wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdímù. Àìsàn yírùnyírùn ló gba etí ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ohùn rẹ̀ ṣì wà, ó kàn wúwo ni, ó sì máa ń wo ẹnu èèyàn mọ ohun tó ń sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀yìn sí àwọn ọmọ nígbà tí mo ń pe àpèkọ. Òdo ló gbà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Hamdalah padà wá, tàwọn tọmọ. Wọ́n máa ń bá àwọn arọ jó kẹ̀kẹ́ wọn tó bá kán, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọn ló sì fún wọn ní ẹ̀dà òfin náà. Wọ́n yọ ọ́ látinú ọ̀rá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Tíṣà, ẹ má bínú. Èmi ò kàwé. Ẹni tó fún mi sọ pé ó wà níbẹ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ torí etí kọ ọmọ mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi kà á." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Màmá ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà, ó sì hàn gedegbe bí bàbá ṣe sọ ọ́. Mo lanu, mo ní, "Bàbá, ohun tó wà níbí ni pé kí wọ́n mú irú ọmọ yín lọ sí ilé-ìwé tó bá wọn mu." Mo tiẹ̀ ń fi ìka tọ ìlà bí mo ti ń parọ́. Hamdalah wo ẹnu mi, ó wo ìwé, ó tún wo ẹnu mi. Ó wá gbé ìka tirẹ̀ lé ìlà náà. "Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà níbí. Irọ́ ni wọ́n ń pa."

Bàbá rẹ̀ fọwọ́ yí ojú ọmọ náà sọ́dọ̀ ara wọn kó lè rí ẹnu wọn. "Ìwọ ọmọ yìí! Tíṣà tó lọ yunifásítì lò ń pè ní onírọ́? Kúnlẹ̀!" Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. "Ẹ má bínú, sà." Mo ní, "Kò burú, ọmọdé ni." Mo dárí jì í! Èmi tí mo parọ́, èmi ni mo dárí ji ẹni tó sọ òótọ́. Bàbá dá ìwé òfin náà padà sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n gbà á, níwọ̀n ìgbà tí kò ti wúlò fún àwọn. Wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ.

N kò lè jókòó. Mo lọ fa ìwé ìṣirò rẹ̀ tí n kò wò yọ. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn jẹ́ kókó tí èmi fúnra mi ta: fèrèsé onírin tó ní ojú mẹ́rin lóròó, mẹ́rin níbùú, igun mẹ́rin ọgbọọgba mélòó ló wà nínú rẹ̀? Gbogbo ọmọ yòókù ló kọ mẹ́rìndínlógún. Hamdalah kọ ọgbọ̀n, ó ya gbogbo wọn, kékeré àti ńlá, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ńlá kan ló yí gbogbo wọn ká. Òun ni bàbá mi máa ń kọ́kọ́ jó pọ̀." Mo gbé e síwájú Màmá. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ta ló ṣe èyí?" Mo ní, "Ọmọ tó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Màmá ní, "Fa òfin àpèkọ yẹn ya."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wà ní Ìdímù. Mo ní a ti tún ìdánwò wò, ọmọ ti wọlé. Bàbá Hamdalah ju irin sílẹ̀, "Alhamdulillahi!", wọ́n ń ṣàdúrà fún mi láìdánudúró. Hamdalah dúró, ó ń wo ẹnu mi, ó ń retí gbólóhùn kejì. Gbólóhùn kejì kò jáde.

Mo ń yangàn lórí ilé-ìwé yìí, n kò sì ní tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ọmọ adití mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Gbogbo olùkọ́ wa ló ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, tó fi mọ́ Màmá, tí ìka wọn le bí igi ìdáná. Bàbá Hamdalah ló jó ọ̀nà onírin tí àwọn ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń gbà gòkè. Hamdalah sì jáde lọ́dún yìí, kò sí ẹni tó bá a dé ibi tó dé nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ pa oníbàárà lẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, Apetíṣà-lónírọ́ rèé o!" Wọn á rẹ́rìn-ín. Hamdalah á wolẹ̀.

Bàbá Hamdalah, ọmọ yín kò rí mi fín. Òun ló kà á dáadáa, èmi ni onírọ́. Ẹ forí jì mí, kí ẹ sì sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, lójú àwọn tó ti bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kàwé bíi tèmi, ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun kàwé, ojú rẹ̀ ló yá yín. Ẹ má fi ṣì í lọ́nà.

Mo fi ìwé òfin náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí ẹ fi dì í. Ẹ gbé e fún Hamdalah, Bàbá, kó kà á fún yín.